Ẹ̀gbà Ọwọ́ Aláwọ̀ Ewé

Ní èbúté Ìpakodò, níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, ìyá àgbà kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ọṣẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ kan tí wọ́n fi òkúta jéèdì aláwọ̀ ewé ṣe kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀, kó lè fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó tì í.

"Ìyàwó ọ̀gá wa ará Ṣáínà ló fún mi, nígbà tí mò ń dáná fún wọn n'Ìkòròdú. Kò bímọ obìnrin. Ó ní kí n má máa bọ́ ọ, pé ara èèyàn ló ń mú un dán."

"Ẹ ṣé, Màmá. Inú gíláàsì ni màá gbé e sí ní pálọ̀, màá tan iná sí i lábẹ́. Àṣà ńlá ni. Ó yẹ kí àlejò mọyì ẹ̀."

"Ṣé ẹja yíyan ni, tí o fẹ́ pàtẹ ẹ̀? Ṣé àlejò ni mo bí, àbí ìwọ? Wọ̀ ọ́!"

"Tó bá fọ́ ńkọ́?"

"Kó fọ́ sí ọ lọ́wọ́. Òkúta tí kò bá mọ ara ẹnì kankan, òkúta lásán ni."

Mo tẹjú mọ́ fóònù mi tí bátìrì rẹ̀ ti kú, torí ẹni tó kàwé kì í yọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́.

"Iyùn ìyá yín tó wà nínú àpótí ńkọ́, Màmá? Mi ò rí i lọ́rùn yín rí."

 Ìyá náà fi ọṣẹ pa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó rọra ti ẹ̀gbà náà sí i lọ́wọ́.

"Tí a bá délé, lọ gbé àpótí yẹn wá. Ọrùn tí màá fi wọ̀ ọ́ ṣì wà."