Ọ̀kan Náà Kọ́ ni Táyé àti Kẹ́hìndé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi o. Tí ẹ bá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ tán, ó ṣeé ṣe kí ẹ tutọ́ sílẹ̀, mi ò sì ní bá yín jà. Ara mi ń rí èmi fúnra mi lára.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Bí ẹni tó ń ya àwòrán ilé kí bíríkìlà tó kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ya bí ètò inú kọ̀ǹpútà ṣe máa rí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní àpọ́n ni mo ti ń so àkọsílẹ̀ tó fọ́n káàkiri pọ̀, tí mo ń kọ́ ẹ̀rọ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, kó lè mọ̀ pé Bọ́lá tó wà níbí àti Mobọ́lájí tó wà lọ́hùn-ún, ọ̀kan náà ni. Nígbà tí àwọn ọsibítù kan ní kí n bá wọn so ìwé àwọn aláìsàn pọ̀, mo ṣe òfin kan: bí orúkọ ìyá, ọjọ́ ìbí àti ìlú bá ti bára mu, kí ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ọ̀kan náà ni. Mi ò ka orúkọ ẹni náà gan-an sí, torí Yorùbá ń jẹ́ orúkọ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, àwọn obìnrin sì ń pààrọ̀ tiwọn bí wọ́n bá relé ọkọ. Wọ́n yìn mí gan-an. Ọmọ Yorùbá ni mí o, mo gbàgbé ìbejì!

Mama Kẹ́hìndé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, Mama Táyé, ìkejì tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, ti lọ lọ́dún tó kọjá. Nílé wa, a kì í là á mọ́lẹ̀ lójú ìbejì pé ìkejì rẹ̀ kú. Kọ̀ǹpútà tèmi wá ka ìwé àwọn méjèèjì sí ti ẹnì kan, ó sọ fún Mama pé àwọn gan-an ló kú. Ọsibítù ò fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Mama wá bá mi ní ọ́fíìsì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi rèé, ṣebí mò ń mí." Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́wọ́, wọn á tú gbogbo iṣẹ́ mi wò. Mo ní, "Mama, kọ̀ǹpútà kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ lọ bi wọ́n níbòmíràn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà ààwẹ̀ ọ̀sán, mo kúnlẹ̀ ti àga, oorun sì gbé mi lọ. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun mú mi lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

A dé ibì kan tó ń rùn. Háà! Ẹran tó jẹrà nínú fíríìsà tí kò níná, òórùn ìyẹn ò tó nǹkan kan. Mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n ń lá egbò ara wọn. Mo rí àwọn ọ̀gá tó ń ni ọmọ iṣẹ́ lára, wọ́n ń bì, wọ́n tún ń kó o jẹ. Mo fẹ́ gbójú kúrò, ọkùnrin náà di orí mi mú, ó ní, "Wò ó dáadáa."

Lẹ́yìn wọn ni mo ti rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn òpùrọ́ tó ń fi ẹ̀rọ bojú. Wọ́n ti rán wọn pọ̀ ní méjì méjì, awọ mọ́ awọ, ọyún ń ṣàn lójú rírán. Bí ọ̀kan bá la ẹnu, ohùn ìkejì ló ń jáde. "Èmi kọ́! Èmi kọ́!" ni gbogbo wọn ń ké. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe. Ó ní, "Wọ́n pe ènìyàn méjì ní ọ̀kan, kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tí wọ́n mọ̀, wọ́n dákẹ́."

Ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà ńlá kan. Afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí mi, mo rí àwọn olóòótọ́ nínú, ara tù wọ́n, wọ́n ń pe ara wọn lórúkọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mama Táyé wà níbẹ̀, àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ̀bẹ̀ kí n wọlé.

Wọ́n yínmú sí mi. "Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́hìndé máa ń rán ṣáájú. Ó ní kí n lọ tọ́ ayé wò, mo lọ. Mo tún ti ṣáájú débí. Òun ò tíì ṣe tán. Ìwọ, ta ló rán ọ pé kó o máa lé e bọ̀?"

Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣí ìwé, ó pe orúkọ ìyá mi, Àbẹ̀kẹ́, ó pe ọjọ́ ìbí mi, ó pe ìlú mi, ó ní mo fún ìyàwó mi lọ́rùn pa, mo ní èmi kọ́, ìyàwó mi wà nílé, Àbẹ̀kẹ́ mélòó ló wà nílùú wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo orúkọ tèmi, ó ní, "Ìwé yìí kì í ṣe àṣìṣe, lọ bi wọ́n níbòmíràn," abẹ́rẹ́ sì ti wọ̀ mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, òwú ń fà, awọ apànìyàn tó ni ẹ̀sùn yẹn tutù, ó ń yọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ tèmi, mo la ẹnu kí n ké pe Jésù, ohùn tiẹ̀ ló jáde!

Omi tí ìyàwó mi dà sí mi lójú ló jí mi. Mo ti bì sára aṣọ.

Mi ò dúró di Mọ́ńdè. Lánàá ni mo lọ sí ọ́fíìsì, mo pa òfin náà rẹ́, mo sì kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá mi pé mo mọ̀, mo sì purọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi. Mama Kẹ́hìndé, mo dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Lọ́la, èmi ni màá fi mọ́tò gbé yín lọ, a ò sì ní kúrò ní ọsibítù yẹn láìgba oògùn yín.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ ronú pìwà dà kí oorun tó gbé yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè: ta ló sọ fún kọ̀ǹpútà?