Alùpùpù Lórí Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀

Nígbà tí egungun mi ṣì le, tí mo lè dá gbé àpò ìyẹ̀fun láì pe ẹnikẹ́ni, ọ̀nà Ẹ̀yìn Fẹ́ńsì yìí la máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ṣé fóònù yẹn ń gba ohùn mi sílẹ̀? Ẹ gbé e súnmọ́ mi dáadáa. Nǹkan tí ẹ lọ rà ní Computer Village, tí ẹ ń fi í yangàn, kó má lọ jẹ́ pé ariwo fáànù ló ń gbà. Ó dáa.

Ẹ gbọ́. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì tí mo ti ṣiṣẹ́ wà lápá kan, ilé iṣẹ́ aṣọ wà lápá kejì, ọ̀nà wá wà láàárín fẹ́ńsì méjèèjì, ó gùn láti ìhà Ìkẹjà títí dé ìtòsí Oko Ọba níbi tí a kọ́lé sí yìí. Igi fúrúùtù ló ṣíji bò ó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a ti wẹ̀, a ti para, a ó máa rìn lọ, a ó máa rìn bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé wa. Lónìí ńkọ́? Ẹ ní ẹ fẹ́ rìn, ẹ ó kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ rìn, ẹ ó wá gun orí ẹ̀rọ kan tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ ó rìn títí ẹ ó fi làágùn, ẹ ò ní kúrò lójú kan. Àbí irọ́ ni mo pa?

Kẹ̀kẹ́ ń gba ibẹ̀ nígbà náà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, tó bá pàdé àgbà, á sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára pátákó o. Á sọ̀ kalẹ̀, á di kẹ̀kẹ́ mú, á tẹrí ba, á kí àgbà, á wá ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá kó tó tún gùn ún. Bí bàbá àgbà yín ṣe rí mi fẹ́ nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín… Èmi àti ìyá mi là ń bọ̀ lọ́nà yẹn lẹ́yìn òjò. Ọkùnrin kan ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó di ẹrù aṣọ gàgàrà sẹ́yìn. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹrù á dà. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù dà sínú ẹrẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ẹrù náà, ó kí ìyá mi tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ. Ìyá mi, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, obìnrin tí kì í yin èèyàn, ó wò ó títí. Nígbà tí a kọjá tán ló sọ fún mi pé, "Ìyẹn ò ní jẹ́ kí o sunkún púpọ̀." Púpọ̀ ló sọ o. Kò sọ pé mi ò ní sunkún rárá.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ bisikíìtì kógbá sílé. Ti aṣọ náà kógbá sílé. Ìjọba wá ta jí lọ́jọ́ kan, wọ́n tẹ́ bíríkì sí Ẹ̀yìn Fẹ́ńsì, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, wọ́n mọ àga sìmẹ́ńtì síbẹ̀, wọ́n gbin òdòdó, wọ́n wá gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà pé ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló wà fún, kí ara wa lè máa dá. Inú wa dùn. Àwa arúgbó àdúgbò, tí a bá ti kírun àsùbáà tán, ibẹ̀ la ti ń nasẹ̀.

Ẹ rántí pé àárín ìgbà yẹn ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá àgbà yín. Apá ọ̀tún ló mú. Obìnrin tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù sọ fún mi pé kò sí oògùn tó ju kó máa rìn láràárọ̀ lọ, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí kò ní kòtò, tí kò ní àtẹ̀gùn. Ó ní bó bá jókòó sílé, ẹsẹ̀ yẹn á gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní rántí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilẹ̀ ti tẹ́jú ní gbogbo Agége? Ẹ tọ́ka sí i kí n rí i. Ẹ̀yìn Fẹ́ńsì nìkan ni. Mo bá ń fà á lọ́wọ́, láti àga kan dé ìkejì. Nígbà tó yá ó ní kí n fi òun sílẹ̀, ọ̀pá ti tó. Nígbà tó tún yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà lójú ọ̀nà pé mo ń rìn jù. Àlàmùdúlílàì, mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò.

Ìgbà náà ni alùpùpù dé.

Àwọn ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ń gbé ẹran láti ilé ìpẹran Oko Ọba, wọn ò fẹ́ kí agbófinró rí wọn lójú títì, wọ́n bá sọ ọ̀nà tiwa di àbùjá. Ẹ̀jẹ̀ ẹran ń kán sórí bíríkì. Ìyẹn ṣì kéré. Ní Sátidé ni àwọn olówó láti GRA wá ń dé, tàwọn ti ńlá, alùpùpù tó ń bú bí ẹ̀rọ ìlọta tó fẹ́ fọ́. Wọ́n wọ aṣọ awọ láti òkè délẹ̀. Nínú oòrùn Èkó. Aṣọ awọ! Wọ́n gbé akoto dúdú borí, o ò lè mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní eré ìdárayá làwọn ń ṣe. Ara ta ló ń dá? Ẹ̀rọ ló ń sáré, àwọn jókòó.

A pe ìpàdé onílé. Alága wa, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀njiníà, mi ò tíì rí nǹkan tó tún ṣe rí láyé mi, kódà géètì ilé rẹ̀ ń ké. Ó ní gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́. Ó ní kí wọ́n fa ìlà ọ̀dà sáàárín ọ̀nà, kí ẹlẹ́sẹ̀ gba òsì, kí ẹ̀rọ gba ọ̀tún. Ó tún pòwe lé e, ó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ta ló ń lọ ọjà? A ń nasẹ̀, ọkùnrin yìí ń pòwe ọjà! A sì ti mọ̀ pé àwọn alálùpùpù GRA ló gbé ọ̀dà náà wá, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n. Mo dìde. Mo ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ mi kì í gbọ́ràn, ọ̀tún ló máa ń fà á lọ, ta ló fẹ́ bá mi sọ fún ẹsẹ̀ náà pé ìlà wà níbẹ̀? Ẹ̀njiníà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ayé ti lajú." Àwọn tó kù náà rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó, ojú tí wọ́n ní ó là yẹn, mi ò mọ ohun tó ń rí.

Wọ́n fa ìlà. Kò pẹ́ sígbà náà, Sátidé kan, à ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ bàbá yín tẹ ọ̀dà kọjá díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Ọ̀kan nínú àwọn alákoto yọ lẹ́yìn wa lórí ẹ̀rọ pupa, ó fun fèrè bíi ti tírélà. Bàbá yín ta gìrì, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Kò gbá a, mi ò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Ó kàn wẹ̀yìn wò wá, ó na ọwọ́ sí wa, ó bá tirẹ̀ lọ. Bóyá ó ń bẹ̀ wá ni o, bóyá ó ń kí wa ni o. Ọwọ́ òsì ló sì nà! Torí ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń tẹ iná fún ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe irú ìyẹn fún àgbàlagbà?

Láti ọjọ́ náà, bàbá yín kọ̀, kò jáde mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Ó kọjú sí ògiri. Ó ní ọ̀nà yẹn kì í ṣe tiwa mọ́. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ yẹn bó ṣe ń gbẹ, bó ṣe ń tutù, ọ̀rọ̀ obìnrin ọsibítù yẹn á máa dún létí mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bó bá jókòó báyìí títí òjò á fi lọ, à á máa gbé e wọ ilé ìwẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé nìyẹn.

Inú wá bí mi. Mo gbé àpótí ìdáná mi. Mo kírun àsùbáà tán, mo gbé e sórí ìlà ọ̀dà gan-an, mo jókòó. Ọlọ́kadà kan dé, ó fun fèrè. Mi ò dìde. Mi ò bú u. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ni. Mo ní ṣé ó jíire, ṣé ìyá rẹ̀ ń bẹ, ọmọ ìlú ibo ni. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ha, ọwọ́ bà á! Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló kún ìdí ẹ̀rọ tí mo ti ṣiṣẹ́, gbogbo oríkì wọn ló wà lẹ́nu mi. Mo ní ọmọ Ajílété, kí ni wọ́n ń kì ọ́? Ó ní Àlàbí. Mo bá dì mọ́ Àlàbí, Àlàbí báyìí, Àlàbí báun, mo ń kì í bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn bàbá rẹ̀… Ẹ sọ fún mi, ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ tí arúgbó ń ki òun, tó máa tẹ iná mọ́ ẹ̀rọ? Ó pa á fúnra rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ẹ̀jẹ̀ ẹran lára aṣọ, ó ti ọ̀kadà rẹ̀ kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe wọ́n. Láràárọ̀. Wọ́n ní ìyá kan wà ní Ẹ̀yìn Fẹ́ńsì tó ń kí èèyàn pa. Àwọn tó ń kánjú yáa padà sójú títì. Àwọn tó kù, wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi tí wọ́n á ti sọ̀ kalẹ̀. Àlàbí a tiẹ̀ máa já ṣàkì díẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bàbá yín ò jáde. Ó ní ọlọ́kadà kọ́ ló bi òun ṣubú.

Sátidé pé, alákoto dé. Èmi mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ pupa yẹn náà ni. Mo kí i. Báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́, nígbà tó ti gbé igbá dé etí? Ó fun fèrè. Mi ò mira. Ó tẹ iná mọ́ ẹ̀rọ, gbogbo fẹ́ńsì ń gbọ̀n. Àlàbí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́wọ́ sí i pé kó sọ̀ kalẹ̀ kó kí Màmá. Ó ń mi orí. Ó kọ̀ jálẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ àwọn wo ló gbéraga tó báyìí?

Bàbá yín gbọ́ ariwo nínú ilé. Ó rò pé wọ́n ti pa mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó dìde? Kò sẹ́ni tó fà á. Mo gbójú sókè, mo rí i tó ń bọ̀ lórí bíríkì, bàtà ẹsẹ̀ kan, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀. Omi lé ròrò sójú mi, mi ò jẹ́ kó kán níwájú ọ̀tá.

Alákoto rí i. Ó pa ẹ̀rọ. Ó ṣí akoto. Mo ti ń retí ọmọdékùnrin kan tí màá fi ọ̀rọ̀ gún lójú… Wàláì, arúgbó ni! Ó pa irun láró, ìdí irun náà funfun báláú. Ẹnu mi kò lè padé. Bàbá yín wò ó, ó bi í léèrè ọdún tí wọ́n bí i. Lórí ìjà o! Wọ́n fi ọdún wé ọdún, ọkùnrin náà fi díẹ̀ jù ú lọ.

Bàbá yín bá fi ara ti ọ̀pá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Pẹ̀lú ara yẹn. Mo fẹ́ dì í mú, ó gbọn ọwọ́ mi dànù. Ó tẹ̀ dé ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbà á dé, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi. Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ ni."

Orúnkún rẹ̀ ti kú. Géètímánì àti dírẹ́bà rẹ̀ ló ń gbé e gun alùpùpù ní GRA, àwọn náà ló ń gbé e sọ̀ tó bá padà délé. Ó ní tí òun bá ti wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ò lè rìn. Àlàbí àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé e sọ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì. Ó di èjìká bàbá yín mú, àwọn méjèèjì ń gbọ̀n síra wọn. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àánú rẹ̀ náà ṣe mí díẹ̀, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kó bá bàbá yín rìn dé àga àkọ́kọ́, àga tó wà níwájú wa níbẹ̀ yẹn. Ó wò ó bí ẹni ń wo ìlú òkèèrè. Ó ní bóyá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n gbé e gùn padà. Kò wá mọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ò wá mọ́. Ẹ̀njiníà wá ń fọ́nnu káàkiri pé òun lòun lé wọn.

Bàbá yín ń rìn láràárọ̀ láti ìgbà náà. Ṣé ẹ rí ọkùnrin aláṣọ awọ yẹn? Ilẹ̀ tó lè wò ó sàn ló ń fi ẹ̀rọ sáré kọjá lórí rẹ̀, nítorí ojú ń tì í kí wọ́n rí i níbi tó ti ń tiro. Ayé tí wọ́n ní ó lajú nìyẹn. Ẹ̀yin náà tí ẹ jókòó yìí, láti orígun àdúgbò sí ẹnu ọ̀nà mi, mọ́tò lẹ gbé wọlé, ẹ tún wà nínú ẹ̀ tí ẹ ń fun fèrè kí n jáde wá. Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni? Ó dáa, ẹ gbọ́ ohùn bàbá yín níta yẹn, ó ti mú ọ̀pá. Ẹ dìde, ẹ lọ bá a rìn. Ẹ má dì í mú o. Ẹ kàn rìn.