Ìṣó Mẹ́fà Lókè Yàrá Ìyá Aránṣọ

Mo wà lórí òrùlé, mo ń fa ìṣó kẹrin yọ lára páànù, nígbà tí Ìyá Aránṣọ ké sí mi láti ìsàlẹ̀ pé, “Bàbá Káfíńtà, ẹ rọra o. Ilẹ̀ kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà.” Ó rò pé mò ń tún un ṣe ni. Mo fi ìṣó méjì tó kù sílẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ tí a jọ dáwó ra ilé yẹn, dókítà ní ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́. N kò ní gbé èyí wọ sàréè.

Ẹ rántí àdéhùn wa. A kì í ṣe olówó: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, aránbàtà. A ní a ò ní torí èrè ni ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí a bá bá nílé, a ò ní lé e, a ò ní fi kún owó ilé rẹ̀, àfi bó bá fúnra rẹ̀ kó jáde. Ẹnu èmi ni “àfi” yẹn ti jáde. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo fẹ́ kí ẹlòmíràn gba yàrá Ìyá Aránṣọ ní ìlọ́po méjì owó tó ń san, kí èrè mi lè gòkè. Ebi kò pa mí.

Òjò rọ̀. Mo débẹ̀ láàárọ̀, mo bá a tó ta ọ̀rá bo bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé tíì fún mi. Ó ní, “Ẹ ti dàgbà. Ẹ má gun òkè mọ́ nítorí tèmi. Omi lásán ni, mo kúkú fẹ́ràn ìwẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. Mo mu tíì náà tán. Ẹ gbọ́ o: mo mu ún tán, mo tún gun òkè, mo yọ ìṣó méjì tó kù.

Lọ́jọ́ tó ń kó jáde, akọ̀wé wa bi í pé, “Mọ́mì, ṣé ẹnì kan lé yín ni?” Ó ní, “Ta ni yóò lé mi? Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Káfíńtà. Ó tún òrùlé tó ń jò yẹn ṣe títí, agbára ẹ̀ ló pin.” Mo bá a gbé àpótí. Lọ́jọ́ kejì ni mo kan páànù náà padà.

Mo ti lọ bá a nílé àbúrò rẹ̀, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń pín bẹ́ẹ̀dì kan. Mo jẹ́wọ́. Ó ní, “Èmi sì ń gbàdúrà kí ẹsẹ̀ yín má yọ̀.”

Ẹ gba ìpín mi nínú ilé náà, ẹ fi sórúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́, ẹ tún àdéhùn yẹn kà dáadáa. Ẹni tó bá yín kọ ọ́ mọ ibi tó ti lè yọ́ jáde. Ẹ foríjì mí. Ayálégbé tó gba yàrá náà lẹ́yìn rẹ̀ kó jáde lọ́jọ́ Ajé. Yàrá náà ṣófo.