Àwọn Tó Di Ẹrù Sílẹ̀ Tí Wọn Kò Relé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, èmi kì í ṣe aríran. Inú ààwẹ̀ ni mo wà, ó sì ti rẹ̀ mí. Ẹ ro ìyẹn mọ́ ọn kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́.

Òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ni mí ní ọsibítù, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn. Dókítà ń tọ́jú ìrora. Èmi ń jókòó ti aláìsàn àti ẹbí rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà kú sí wọn nínú. Màmá Kúnlé wà níbẹ̀. Ọmọ wọn, Bọ̀dá Kúnlé, bẹ̀ mí pé, "Àǹtí wẹ́fíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ohun tí mo ti sọ fún Màmá, pé ọgbẹ́ inú lásán ni. Tí Màmá bá gbọ́ òótọ́, ẹ̀rù ló máa pa wọ́n."

Mo ní n ó rò ó. Ṣùgbọ́n Màmá ti sọ fún mi pé, "Èmi àti àbúrò mi ń jà. Tí ara mi bá yá, èmi fúnra mi ni n ó lọ bẹ̀ ẹ́. N kò ní ránṣẹ́ pè é wá sídìí bẹ́ẹ̀dì, elẹ́kún ọ̀fẹ́!"

Lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́yìn àdúrà, oorun gbé mi lórí ẹní. Ọkùnrin kan tí n kò rí ojú rẹ̀ fà mí lọ́wọ́. A kọjá lára àwọn tó gba ilẹ̀ opó. Erùpẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Alágbèrè ń lu ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni a dúró sí. Àwọn ènìyàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti múra, wọ́n ti di ẹrù, wọ́n tẹjú mọ́ ọ̀nà.

Bàbá kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé dókítà ti ní ká máa lọ sílé?"

"Wọ́n ti kú," ni amọ̀nà mi wí. "Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn."

Kòtò wà lẹ́yìn ògiri. Àwọn òpùrọ́ wà nínú rẹ̀, òwú kún ẹnu wọn, òwú tí a fi ń dí imú òkú, wọ́n ń fà á, kò tán, wọ́n ń fà á, ó ń gùn sí i, wọ́n fẹ́ ké sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ohùn kò jáde, ojú wọn kì í sì í ṣe ojú ìkà, ojú ọmọ ni, ojú ìyàwó ni, ọ̀kan sì wọ aṣọ iṣẹ́ bíi tèmi.

Lókèèrè, àwọn arúgbó ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ìwọ tó jí ẹran ìgbéyàwó mi jẹ!"

"Àbí kí n jẹ́ kó bàjẹ́?"

Amọ̀nà ní, "Àwọn wọ̀nyí dágbére kí wọ́n tó kúrò nílé."

Mo bojú wẹ̀yìn. Àyè kan ṣófo lórí bẹ́ǹṣì, aṣọ ìró Màmá Kúnlé sì ti wà lórí rẹ̀. Mo kígbe, mo jí.

Mo wọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Mo bá Bọ̀dá Kúnlé sọ̀rọ̀ títí omi fi bọ́ lójú wọn, a sì jọ wọlé. Bọ̀dá Kúnlé fúnra wọn ló sọ òótọ́ fún Màmá. Màmá dá wọn lóhùn pé,

"Kúnlé, ojú rẹ ti ń sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni mo gbà gbọ́. Pe àbúrò mi."

Ọjọ́ kejì ni àbúrò wọn dé. Màmá ṣì ń mí, ṣùgbọ́n wọn kò lajú mọ́. Obìnrin náà di ọwọ́ wọn mú, ó ń bẹ̀ wọ́n létí, títí èémí fi tán. Àwọn nọ́ọ̀sì ní etí ló ń kú gbẹ̀yìn. N kò lè jẹ́rìí sí i.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó ń ṣàìsàn ikú nílé yín, ẹ lọ bi í lónìí ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ lọ nígbà tó ṣì lè dáhùn.