Fèrèsé Tó Kọjú sí Ọ̀sà

Nígbà ìjọba ológun, tí mo ti gba dìgírì ṣùgbọ́n tí mi ò tíì ríṣẹ́, mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan àti káfíńtà rẹ̀ ń jiyàn ní ìsọ̀ oníṣòó kan ní Bàrígà.

"Màmá, ìṣó nìkan ò lè mú páánù yín dúró. Fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tó wá ń ti òrùlé sókè láti inú. Ìlẹ̀kùn fèrèsé tuntun sì ti wọ́n jù. Ẹ jẹ́ kí n kan pákó dí i."

"Rárá o. Fi wáyà so òrùlé mọ́ ògiri."

"Màá so ó, àmọ́ yóò tún ṣí lọ. Àbí ẹ fẹ́ máa ka ìràwọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni?"

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọ mi, ibẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń kí mi láràárọ̀. Bí o bá dí i, ta ni yóò bi mí pé ṣé mo jí dáadáa?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí kò sẹ́ni tó ń bi èmi náà.

Ọ̀sán ti pọ́n, síbẹ̀ mo sún mọ́ wọn. "Màmá, ṣé ẹ jí dáadáa?"