Bébà Fàdákà Tí Mo Wé Mọ́ Fúùsì

Ẹ̀yin ẹbí ìyàwó mi, mo kọ ìwé yìí kí wọ́n lè kà á sókè lójú gbogbo yín, kí àbúrò ìyàwó mi sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe òun ló fa iná tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ni. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti di ẹ̀ṣẹ̀ mi lẹ́rù rù ú, tí mo sì ń wò ó bó ṣe ń gbé e rìn. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò dájú pé yóò bá mi dé òpin ọdún. Mi ò fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ ilẹ̀. Mo ṣì wà láàyè, ó ti ń rùn.

Baba Oníná lẹ máa ń pè mí. Rédíò ni mo kọ́ láti tún ṣe, ṣùgbọ́n iná oòrùn ni mo fi ń yangàn. Mo gbé pánẹ́ẹ̀lì kan sórí òrùlé, mo tú bátìrì kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn ti sọ nù, mo so èyí tó ṣì lẹ́mìí pọ̀ sínú àpótí, mo sì lẹ àwọn gílóòbù wínníwínní mọ́ inú agolo mílíìkì. Agolo mẹ́rin tan gbogbo ilé, wọn kò sì jẹ iná tó gílóòbù àtijọ́ ẹyọ kan. Abẹ́ èyí tó mọ́lẹ̀ jù ni ìyàwó mi ti ń ránṣọ. Bí oníbàárà bá yìn mí, á ní, "Ẹ má yìn wọ́n jù o. Orí wọn ń wú, kò ní gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́." Ó mọ̀ mí.

Nígbà tí mo so fáànù mọ́ iná yẹn ni fúùsì, tó máa ń já iná kí wáyà má bàa gbóná jù, bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó jó. Mo tún pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jó. Mo mọ̀ pé wáyà tí mo lò tín-ín-rín jù. Ṣùgbọ́n kàkà kí n tú u palẹ̀ kí aládùúgbò wá sọ pé iná Baba Oníná ti bàjẹ́, mo yọ bébà fàdákà inú páálí sìgá, mo wé e mọ́ fúùsì tó ti jó. Àwa atúnrédíòṣe máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti dán nǹkan wò fún ìṣẹ́jú kan. Oṣù méjì ni mo fi í sílẹ̀. Ìyàwó mi rí i. "Kí lẹ wé mọ́ ọn yẹn?" Mo ní kó má dá sí i. Ó ní, "Ajá tó ń gbó nítorí olè lẹ di lẹ́nu yẹn o, Baba Oníná." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń rí mi lára títí dòní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí iná náà ṣẹlẹ̀, àbúrò rẹ̀ tó ń bá a ránṣọ parí aṣọ ilé-ìwé tó ń lọ̀, ó da èédú inú áyọ́ọ̀nù sínú garawa omi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo jókòó tí mo ti ń tún rédíò ṣe, ó gbé áyọ́ọ̀nù sórí òkúta, ó lọ ra òwú. Ojú mi ló ṣe. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ òórùn ike tó ń jó. Wáyà ti gbiná lára ògiri, ó ti ran àpótí bátìrì. Ìyàwó mi ti jáde, ó tún padà wọlé. "Aṣọ ọmọ ọlọ́mọ ni," ó ní. Mo tẹ̀ lé e, mo wọ́ ọ jáde nínú èéfín. Ó ṣì ń mí. Àwọn aládùúgbò fi iyẹ̀pẹ̀ pa iná, awakọ̀ ilé kejì sì gbé ọkọ̀ dé. "Baba, ẹ wọlé ká máa lọ." Mo ní kó dúró, kí n mú aṣọ tí a ó fi bò ó. Irọ́ ni. Mo padà sínú yàrá, mo fi èékánná họ bébà fàdákà yẹn kúrò, mo jù ú sẹ́nu, mo gbé e mì. Mo lọ gbé áyọ́ọ̀nù lórí òkúta, mo fi í sábẹ́ kọ́tìnnì tó ti jó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni awakọ̀ fọn fèrè. Ojú ọ̀nà ni ìyàwó mi kú sí. Nọ́ọ̀sì ní, "Ká ní ẹ tètè dé díẹ̀ ni..." Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀.

Nígbà tí mo padà délé, àbúrò rẹ̀ ti dé, òwú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti fi áyọ́ọ̀nù tí wọ́n rí lábẹ́ kọ́tìnnì hàn án. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá, mo rò pé mo da èédú yẹn nù." Èmi, ẹlẹ́gbin yìí, mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́." Ọdọọdún ló ń wá kúnlẹ̀, ọdọọdún ni mo ń dárí jì í. Ó fi iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀. Ẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ ọrùn rẹ̀ rún. Kò jẹ́ fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù mọ́ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá bá mi. "Bùrọ̀dá, ẹ bá mi ṣe iná agolo yín sí yàrá mi. Iná tiyín nìkan ni kò bà mí lẹ́rù." Mo jáde lọ bì.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, bí fúùsì bá jó, ẹ wá ohun tó jó o. Ẹ má di í lẹ́nu. Ní tèmi, kí ẹnikẹ́ni má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ohun kan ni mo ń tọrọ: kó gba èyí gbọ́. Àbúrò mi, o da èédú yẹn nù. Omi inú garawa ṣe ṣìì. Mo gbọ́ ọ.