Mo Mọ Ibi Tí Májèlé Wà, Mo Sì Dákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Láti ìgbà òjò èṣí ni mo ti ń gbé e kiri nínú. Mo rò pé yóò jẹrà síbẹ̀ bí ìdọ̀tí. Kò jẹrà. Ó ti dé inú ọbẹ̀ ilé mi báyìí, ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Abúlé wa kò jìnnà sí ìlú Goro. Ààtàn ńlá kan wà lẹ́yìn ọjà wa. Àwọn òṣìṣẹ́ kan gbé katakata wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe kí àwọn obìnrin lè máa gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ó dáa. Wọ́n wá béèrè ẹni tó mọ ibi tí a ń da oògùn kòkòrò òwú sí láyé àtijọ́, torí májèlé ni, a kò gbọdọ̀ gbin oúnjẹ lé e lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yẹ kí wọ́n bi? Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Ràímì ni wọ́n bi. Ràímì tí mo kọ́ bí a ti ń di àdá mú nínú oko kajú! Wọ́n gbé àga oníke fún un lábẹ́ igi máńgòrò, èmi ń wá gbòǹgbò tí mo lè jókòó lé. Wọ́n fún un ní ẹ̀wù aláìlápá kan tó ń dán yanran. Wọ́n ń pè é ní "chef", ọ̀gá ni ìyẹn lédè Faransé. Ó ń wọ ẹ̀wù ọ̀hún lọ kírun Jímọ̀.

Chef Ràímì na ìka sí ìdí igi àràbà. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n kó agolo lọ, wọ́n sọgbà yí i ká. Ṣùgbọ́n kò mọ ti ìdí ọ̀gán tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ààtàn náà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Ewúrẹ́ ìyàwó mi lá oògùn òwú mi nígbà kan, ó kú. Mo ru agolo tó kù, tòun ti oògùn inú rẹ̀, mo lọ rì í mọ́lẹ̀ nídìí ọ̀gán, kí obìnrin náà má baà mọ̀. Ẹ ò rí akọni.

Wọ́n tún béèrè pé, "Kò sí ibòmíràn?" Ràímì ní kò sí. Ó wò mí. Mo ti la ẹnu. Mo pa á dé. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tí ẹ fún ní àga ni kí ẹ bi. Ìlara ni, ẹ jọ̀ọ́. Kò ní orúkọ mìíràn.

Katakata wó ọ̀gán palẹ̀. Wọ́n da ilẹ̀ tuntun lé e, wọ́n pín in fún àwọn obìnrin. Ta ni ibi ọ̀gán yẹn kàn? Ṣèfáwù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tó ń pè mí ní Tonton bí àwọn Faransé ṣe ń pe àbúrò òbí ẹni. Ó ti lóyún báyìí.

Tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ yọ ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ń já a wálé. Kí n má baà jẹ ẹ́, mo ní inú ń run mí. Mo ní eyín ń dùn mí. Mo ń fi iyọ̀ jẹ iyán. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìsá, ta ni obìnrin tó ń dáná fún yín níta?" Mo sọ fún Ṣèfáwù kó má jẹ ẹ̀fọ́ yẹn mọ́. Ó ní, "Ha, Tonton! Ṣebí wọ́n ní ẹ̀fọ́ ló dáa fún aboyún." Ìpín mi tí mo kọ̀, òun náà ló ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tọ Ràímì lọ. Mo ní, "Ilẹ̀ Ṣèfáwù kò dáa. Má jẹ́ kí wọ́n gbin nǹkan síbẹ̀ mọ́." Ó bú sẹ́rìn-ín lójú gbogbo ènìyàn.

"Tonton, ẹ̀wù yìí ló ń dùn yín. Ṣé kí n bọ́ ọ fún yín?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà sì sọ òótọ́. Mo sá wálé.

Ọkọ́ wà lára ògiri mi. Bí mo bá gbẹ́ ibẹ̀, agolo yóò jáde, wọn yóò gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n Ṣèfáwù yóò bi mí pé, "Tonton, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni kí n dá a lóhùn? Ẹ tètè sọ fún mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa ẹ̀fọ́ tó já wá fún ọbẹ̀ alẹ́.